Bí Orúkọ Ọmọ Ogun Ṣe Ń Sọnù

Àgbà tó bá kú nílẹ̀ Yorùbá kì í ní ìṣòro orúkọ. Àwọn ọmọ á sin ín, ìlù á dún, wọn á ki í dé orí baba ńlá rẹ̀, ọmọkùnrin tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ bí sínú ilé lẹ́yìn rẹ̀, Babátúndé ni. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé eléégún, ọdún á dé tí wọn á tún gbé e jáde. Ti ọ̀dọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í se àsè rẹ̀, a kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì rẹ̀, ẹni tó bá sì ní làákàyè kì í dédé pe orúkọ rẹ̀ lójú ìyá tó bí i. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, làwọn àgbà wí. Ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó kò ní ọmọ tí yóò sin ín, kò sì ní ọmọ-ọmọ tí wọn yóò máa wò lójú pé baba ló padà wá.

Ogun ló máa ń sọ irú òkú bẹ́ẹ̀ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà, nǹkan bí 90,000 ọmọ ogun ló ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Éṣíà, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀ka ọmọ ogun 81 àti 82 ni wọ́n pín wọn sí, wọ́n sì lọ bá Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Èyí tó kú lọ́hùn-ún, ilé kò rí òkú rẹ̀. Láyé ogun Yorùbá sí Yorùbá, bí jagunjagun bá ṣubú lọ́nà jíjìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gé irun orí rẹ̀ tàbí èékánná rẹ̀ wá sílé kí wọ́n lè rí nǹkan sin. Láti Bọ́mà, ìwé ìjọba ni ó ń wá. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju orúkọ lọ, ìgbà mìíràn sì wà tí orúkọ ọ̀hún kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pe ọmọ náà nílé.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nígbà tí sójà bá kú ni orúkọ rẹ̀ máa ń sọnù. Lójú tèmi, ọjọ́ tó gba aṣọ sójà ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, nídìí tábìlì akọ̀wé.

Akọ̀wé náà ní ìwé tí wọ́n ti fa ìlà sí: orúkọ, orúkọ bàbá, ìlú, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣètò ìlà wọ̀nyẹn fún ènìyàn tó ní orúkọ ìdílé tí gbogbo ilé jọ ń jẹ́. Ọmọ Yorùbá tó dúró níwájú rẹ̀ ní ọdún 1941 lè ní orúkọ àbísọ mẹ́ta, èyí tí bàbá sọ ọ́, èyí tí ìyá sọ ọ́ àti èyí tí ìyá àgbà mú wá lọ́jọ́ ìkómọ. Ó ní oríkì, Àkànní tàbí Àlàbí, tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é bó bá fẹ́ kó dá òun lóhùn kíákíá. Bí wọ́n bá ti rì í bọmi tàbí tó bá ti kéwú, ó tún ní orúkọ ìyẹn. Orúkọ ìdílé tí gbogbo wa ń kọ sí ìwé lónìí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa nígbà yẹn. Nítorí náà, akọ̀wé á mú ọ̀kan nínú èyí tó gbọ́, á sì kọ ìlú ọmọ náà sí ibi tí orúkọ bàbá yẹ kó wà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ Hausa nìyẹn, ìdí nìyẹn tí Kánò àti Zaria fi kún inú ìwé wọn, wọ́n sì ṣe é fún tiwa náà. Ọ̀kan nínú àwọn akọni tí ìwé ìtàn ogun 1914 sí 1918 ń dárúkọ nínú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ni Belo Akure, sájẹ́ǹtì tó gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà. Belo ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi Àkúrẹ́ lé e lórí bí ẹni pé gbogbo ìlú ló bí i.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Akọ̀wé kò wolé kankan. Kò sì kọ àmì ohùn, nítorí náà Òjó àti Òjò di ọ̀kan náà lójú ìwé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀. Bí ó bá gbọ́ Ṣàláù, ó lè kọ Salau lónìí, kó kọ Shalawu lọ́la. Àwọn ọmọ mìíràn fúnra wọn ló sì dá kún un. Ẹni tó sá kúrò nílé láìdágbére kò ní fẹ́ kí bàbá òun fi orúkọ tọpa òun dé bárékè, èyí tí kò tíì tó ọjọ́ orí á sì fi ọdún kún ọdún rẹ̀. Mi ò bá akọ̀wé jà o. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló tò níwájú rẹ̀, oòrùn sì ń mú. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ lọ́jọ́ náà ni yóò tẹ̀ lé ọmọ náà dé ibojì.

Lẹ́yìn orúkọ ni nọ́ńbà. Ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, ti Gold Coast pẹ̀lú GC. Nọ́ńbà yìí ni ológun gbẹ́kẹ̀ lé. Àlàbí lè pé ogójì nínú bàtálíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ò ní ìbejì. Owó oṣù, ìyà, ìsinmi, oògùn, gbogbo rẹ̀ nọ́ńbà ni.

Ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń so mọ́ ọrùn nígbà náà, láti nǹkan bí 1916, ni àwo kékeré méjì, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà, orúkọ àti ẹ̀sìn sí lára. Bí ẹni tó ni ín bá kú, wọn á já àwo pupa lọ́rùn rẹ̀ lọ fún ọ́fíìsì kí wọ́n lè mọ ẹni tó dín nínú iye wọn. Àwo àwọ̀ ewé á bá òkú wọlẹ̀, kí ẹni tó bá tún hú u lẹ́yìnwá ọ̀la lè mọ ẹni tó jẹ́. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Kí wọ́n tó gbọ́n dé ibẹ̀, àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ń so, bí wọ́n bá sì ti já a lọ, òkú tó wà nílẹ̀ di aláìlórúkọ.

Ṣùgbọ́n ètò yìí nílò kí ẹnì kan ráyè sin òkú, kó ráyè fi igi sàmì sí ibẹ̀, kó sì kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Ní àfonífojì odò Kaladan ní Arakan, níbi tí ẹ̀ka 81 ti jà ní 1944, kò sí ọ̀nà mọ́tò àfi èyí tí àwọn sójà fi ọwọ́ ara wọn là. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kú lónìí, ẹgbẹ́ ológun lè ti sún síwájú kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Wọ́n sin àwọn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, odò gbé àwọn kan lọ.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n kó ibojì tí wọ́n rí láti igbó Bọ́mà wá sójú kan ní Taukkyan, ìtòsí Rangoon tí a ń pè ní Yangon báyìí. Ibojì tó wà níbẹ̀ lé ní 6,000. Láàárín wọn ni wọ́n kọ́ ilé gbọọrọ olópòó sí, ara àwọn òpó náà ni wọ́n sì gbẹ́ orúkọ àwọn tí ibojì wọn kò ní ojú sí, nǹkan bí 27,000. Wọ́n ṣí i ní 1958. Orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Ọ̀yọ́ tí kò bọ̀ láti Bọ́mà, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ fojú sí.

Àjọ tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni Commonwealth War Graves Commission. Ọdún 1917 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ogun àkọ́kọ́ ṣì ń gbóná, ọ̀gbẹ́ni tó sì kó o jọ ni Fabian Ware. Òfin rẹ̀ dára létí: kí gbogbo ẹni tó kú ní orúkọ, yálà lórí òkúta tàbí lára ògiri ìrántí; kí òkúta ọ̀gágun má ga ju ti sójà lásán; kí ẹ̀sìn tàbí àwọ̀ má mú ìyàtọ̀ wá. Òkúta kan náà ni gbogbo wọn ní, gíga rẹ̀ kò ju ìwọ̀n bàtà méjì àti ínṣì mẹ́jọ lọ. Wọ́n gbẹ́ àmì ẹgbẹ́ ológun sókè rẹ̀, nọ́ńbà, ipò, orúkọ, ọjọ́ ikú àti ọjọ́ orí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi orúkọ yẹn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni wọ́n ń gbẹ́, lẹ́yìn náà orúkọ ìdílé ní kíkún. J. báyìí, tàbí A. S. báyìí. Orúkọ tí ìyá fi ń pe ọmọ láti kékeré di lẹ́tà kan àti àmì ìdánudúró. Àwọn òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i, ó sì dùn wọ́n. Àjọ náà ti fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkúta fún ọ̀rọ̀ ìdílé, kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 66 lọ, wọ́n sì ń bèèrè péńsì mẹ́ta ààbọ̀ lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ti dá orúkọ ọmọ wọn padà. Wọn ò kọ ewì, wọn ò kọ ẹsẹ Bíbélì, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọ nílé ni wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìtẹ́ òkú ológun, èyí ló wọ̀ mí lára jù. Bí Amẹ́ríkà ṣe ṣe tirẹ̀ tún yàtọ̀: lórí ògiri dúdú tí Maya Lin yàwòrán rẹ̀ fún àwọn tó kú ní Fẹ́tínáàmù, èyí tí wọ́n ṣí ní Washington ní 1982, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ ló ṣáájú ní kíkún, orúkọ ìdílé tẹ̀ lé e, ó sì lé ní 58,000.

Ẹni tó yan ọ̀rọ̀ tí àjọ Gẹ̀ẹ́sì ń gbẹ́ sórí òkúta ẹni tí a kò dá mọ̀, pé Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n, ni òǹkọ̀wé Rudyard Kipling. Òun fúnra rẹ̀ kò rí òkú ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ náà, John, kò ríran dáadáa, ológun sì ti kọ̀ ọ́. Bàbá ló lo ojúlùmọ̀ tó ní láàárín àwọn ọ̀gá ológun kí wọ́n tó gbà á sínú ẹgbẹ́ Irish Guards. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1915 ló bọ́ sójú ìjà Loos, ọmọ ọdún 18 ni, wọn kò sì rí i mọ́. Bàbá náà kú ní 1936 láìmọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Ọdún 1992 ni àjọ náà tó kọ orúkọ John Kipling sórí ibojì kan, àwọn onímọ̀ sì ṣì jiyàn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá lówó, ó lókìkí, ó sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀. Kí ni ká wá sọ nípa bàbá àgbẹ̀ ní Ìkirè?

Ohun tí a ó sọ kò dùn. Lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, òfin ìdọ́gba yẹn kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ Áfíríkà. Ní 1922, Horace Byatt tó jẹ́ gómìnà Tanganyika fi hàn pé kí wọ́n jẹ́ kí igbó bo ìtẹ́ òkú àwọn aláàárù tó ń bá ológun ru ẹrù padà kíákíá. Ní 1923, Guggisberg, gómìnà Gold Coast, ní ọmọ ilẹ̀ náà lásán kò lè mọ ohun tí òkúta ibojì wà fún. Àjọ náà gbà wọ́n gbọ́. Dípò orúkọ, ère ni wọ́n gbé dìde ní Dar es Salaam, Nairobi àti Mombasa, ère sójà àti aláàárù tí kò jẹ́ orúkọ ẹnì kankan. Tiwa náà wà ní Èkó, gbogbo ìlú sì ń pè é ní Sójà Ìdúmọ̀tà. Orúkọ àdúgbò ni sójà náà jẹ́, bíi ti Belo Akure.

Ìròyìn ìwádìí tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2021 sọ iye rẹ̀. Nǹkan bí 45,000 sí 54,000 ọmọ ogun tó ti Áfíríkà, Íńdíà àti Íjíbítì wá ni wọn kò rántí bí wọ́n ṣe rántí àwọn òyìnbó. Ó kéré tán, 116,000 mìíràn, ó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni wọn kò dárúkọ rárá. Àjọ náà tọrọ àforíjì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí gómìnà tó ní ọmọ Gold Coast kò mọ iyì òkúta bá lọ sí ilé òkú kan ṣoṣo ní abúlé, tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òkú, ì bá mọ̀ pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọn yẹn mọ iyì orúkọ jù ú lọ.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan ní Cape Town fún àwọn òṣìṣẹ́ ológun aláwọ̀ dúdú tí iye wọn lé ní 1,700, tí wọ́n kú ní Áfíríkà nínú ogun àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ orúkọ wọn síbì kan rí. Òpó igi ni wọ́n fi ṣe é, ẹnì kan òpó kan, igi tí wọ́n sì lò ni ìrókò.

Ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Isaac Fádóyèbọ̀ ará Emùrè-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta ní 1942, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, létí odò Kaladan, àwọn ará Jàpáànù yìnbọn lu ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì fọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n kù nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní bòókẹ́lẹ́, ó sì gbé wọn pamọ́ títí di oṣù Kejìlá. Nínú oṣù mẹ́sàn-án yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ ní Emùrè-Ilé bóyá ọmọ wọn wà láàyè tàbí kò sí.

Ó bọ̀. Ó tiro títí ayé rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe: ó jókòó kọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ìwé náà, *A Stroke of Unbelievable Luck*, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Ìwé yẹn ló mú akọ̀ròyìn Barnaby Phillips wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tó fi gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà láti wá ìdílé Shuyiman, tó sì ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀ ní 2011. Isaac kú ní 2012. Nínú ìwé ológun, NA àti nọ́ńbà ni. Ní Èkó àti nínú ìwé tí Phillips kọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, Isaac ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti akọ̀wé.

Àwọn tí kò bọ̀ kò lè kọ̀wé, ẹlòmíràn ló máa wá wọn. Bí ẹ bá ti gbọ́ rí nílé yín pé àbúrò bàbá àgbà kan lọ sí Bọ́mà, àkọsílẹ̀ Commonwealth War Graves Commission wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ ìdílé tí ẹ ń jẹ́ lónìí wá a nìkan, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ rárá. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ sí ibi orúkọ ìdílé. Bí kò bá yọ, ẹ gbìyànjú oríkì rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí rẹ̀, kí ẹ wá fi orúkọ ìlú yín síbi orúkọ ìdílé. Ẹ yí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ padà: sh dípò s, w dípò u, i dípò e. Ẹ fi Nigeria Regiment àti ọdún 1943 sí 1945 dín iye tó máa yọ kù. Bí àpótí àtijọ́ kan bá ṣì wà nínú ilé, ẹ wò ó bóyá ìwé owó tàbí lẹ́tà kan tó ní nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà ti rí ọmọ náà.

Gbogbo èyí kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé. Ẹni tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀ ti lé ní 80 ọdún báyìí, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Bí irú wọn bá ṣì wà nílé yín, ẹ tètè lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bèèrè gbogbo orúkọ tí ọmọ náà ń jẹ́, oríkì rẹ̀ kún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.